Bí a Ṣe Lè Mú Kí Áàpù Symbian Àtijọ́ Ṣiṣẹ́ Lórí Ẹ̀rọ Òde Òní

Bàbá alájọ kan tí ó máa ń gba àjọ láti Lágere dé Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó gbé iṣẹ́ yìí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Nokia N70, fóònù àtijọ́ tí Symbian jẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ (operating system) rẹ̀, ni ó mú dání; bátìrì rẹ̀ ti wú débi pé ìdérí ẹ̀yìn kò pa dé mọ́, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni bàbá fi so ó pọ̀. Áàpù kékeré kan wà nínú fóònù náà tí ọmọ rẹ̀ kọ fún un lọ́jọ́ pípẹ́, inú áàpù yẹn sì ni orúkọ àwọn tí ń dá àjọ, iye tí wọ́n dá, àti ọjọ́ tí wọ́n dá a wà. Mo ní kí n bá wọn wá fóònù tuntun. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe fóònù ni mo ń wá. Ìwé mi ni mo ń wá." Ohun tí mo ṣe láti mú kí áàpù náà ṣí lórí Android àti lórí láptọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí fún ẹni tí ó bá ti mọ C++ tàbí Rust díẹ̀.

Ìpele ìbáramu ni a máa pe ohun tí a fẹ́ kọ́, kò sì yàtọ̀ sí ògbufọ̀. Áàpù àtijọ́ ń béèrè nǹkan ní èdè ètò ìṣiṣẹ́ tí a kọ ọ́ fún: fún mi ní àyè nínú mẹ́mọ̀rì, ṣí fáìlì yìí, fa ìlà kan sí ojú fóònù, jí mi bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ òde òní lè ṣe gbogbo rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò gbọ́ èdè tí a fi ń béèrè. Iṣẹ́ wa ni kí a dúró láàrin, kí a gbọ́ ìbéèrè, kí a gbé e fún ẹ̀rọ tuntun, kí a sì dá èsì padà gẹ́lẹ́ bí áàpù náà ṣe ń retí rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni pé kí a fi kóòdù kọ́ fóònù náà látòkè délẹ̀, kí a wá gbé ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n yọ láti inú fóònù gidi lé e lórí. Èkejì ni pé kí a má ṣe kọ́ fóònù kankan, kí a kàn máa dáhùn ìbéèrè tí áàpù bá béèrè. Ọ̀nà kejì yìí ni Wine, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, gbà mú kí áàpù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, òun náà sì ni touchHLE gbà fún àwọn áàpù iPhone ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Fún Symbian, EKA2L1 wà, kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà, mo sì gba ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré orí fóònù nìkan nímọ̀ràn pé kí ó lo ìyẹn kí ó sì máa lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé áàpù kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ gbà là, tí ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ kọ́ tiyín, kí ẹ sì kọ́ ọ fún áàpù kan yẹn. Ẹni tí ó bá ní gbogbo áàpù Symbian ni òun fẹ́ gbé dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún mẹ́ta yóò kọjá kí ó tó rí ojú ẹyọ kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú Symbian tí ẹ ń bá lò

Inú EPOC, tí ilé-iṣẹ́ Psion kọ, ni Symbian ti jáde. Ọdún 1998 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Symbian sílẹ̀. Nokia 7650 tí ó jáde ní 2002 ni fóònù àkọ́kọ́ tí ó lo S60, ìyẹn ojú àti ohun èlò tí Nokia kọ́ lé Symbian lórí. N70 dé ní 2005 pẹ̀lú Symbian 8.1a, N73 sì tẹ̀lé e ní 2006 pẹ̀lú Symbian 9.1. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni odò ti pín: láti 9.1 ni wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀nà tí kóòdù ń gbà pe ara wọn, wọ́n sì fi ìlànà ààbò tuntun sí i, tí áàpù tí a kọ fún N70 kò fi lè ṣí lórí N73 àyàfi tí a bá tún un kọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan, ẹ wo ìhà tí áàpù yín wà. 8.1a ni ti bàbá, òun ni mo sì ń sọ níbí.

Ẹ ó nílò àwọn fáìlì SDK (àkójọ ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ áàpù) ti S60 ìgbà náà, nítorí inú wọn ni orúkọ àti ìtumọ̀ àwọn iṣẹ́ (function) wà. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí kóòdù Symbian sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kóòdù náà kéré lọ́jọ́ orí sí 8.1a, ṣùgbọ́n bí iyèméjì bá wà nípa bí iṣẹ́ kan ṣe ń hùwà, ibẹ̀ ni mo máa ń sáré lọ. Ètò ìṣiṣẹ́ tí ó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ ní olówó tirẹ̀, kò sì tọ́ kí a máa pín in kiri; àǹfààní kan nínú ọ̀nà tí a yàn ni pé a kò nílò rẹ̀ rárá.

Kíka fáìlì áàpù

Lórí fóònù àsìkò yẹn, inú fódà System\Apps ni áàpù máa ń wà, orúkọ rẹ̀ a sì parí sí .app. Ẹ da fódà náà kọ sórí láptọ́ọ̀pù láti inú mẹ́mọ́rì kádì. Bí ẹ bá fi ohun èlò tí ń fi báìtì hàn ṣí i, nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ báìtì 4. Èkíní yóò jẹ́ 0x10000079, èyí tí ó ń sọ fún wa pé DLL (àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn ń pè) ni áàpù náà, kì í ṣe EXE (ètò tí ń dá ṣiṣẹ́). Èkejì yóò jẹ́ 0x100039CE, tí ó túmọ̀ sí pé áàpù ni DLL yìí. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti áàpù náà gan-an. Bí ẹ bá sì ka báìtì 16 láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó bá lẹ́tà mẹ́rin yìí: EPOC. Orúkọ EPOC tí ó bí Symbian kò tíì parẹ́ lára ọmọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé kóòdù àti dátà sínú mẹ́mọ̀rì tí ẹ ti yà sọ́tọ̀, ẹ tún àwọn àdírẹ́sì inú rẹ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bí tábìlì tí ó wà nínú fáìlì náà ṣe wí, kí ẹ wá kọjú sí ohun tí áàpù ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní Symbian, DLL kì í fi orúkọ pe iṣẹ́, nọ́ńbà ni ó fi ń pè é. Kò ní sọ pé òun ń wá User::Alloc, iṣẹ́ tí ń fúnni ní àyè nínú mẹ́mọ̀rì. Yóò ní òun ń wá iṣẹ́ báyìí-báyìí nínú EUSER, DLL tí àwọn iṣẹ́ ìpìlẹ̀ Symbian wà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní òun ń wá yàrá kẹrìnlá nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan láìdárúkọ ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Àwọn fáìlì .lib inú SDK ni ó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ. Ẹ kọ ètò kékeré kan tí yóò ka gbogbo wọn, kí ó sì tẹ tábìlì jáde, nítorí bí ẹ bá ní kí ẹ máa fi ọwọ́ wá wọn, àṣìṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo yóò fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò.

Pípe iṣẹ́, àti jíjẹ́ ẹni tí a ń pè

Kóòdù alábíìtì 32 fún ARM, irú processor tí ó wà nínú fóònù, ni ó wà nínú áàpù náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ Thumb, ìyẹn ìkékúrú ARM. Ẹ má rò pé nítorí pé ARM ni fóònù Android yín, kóòdù yìí yóò kàn máa ṣiṣẹ́ lọ. Láti ìgbà Cortex-X2 ní 2021 ni àwọn processor kan ti kọ kóòdù alábíìtì 32 sílẹ̀ pátápátá. Ẹ lo Unicorn, ètò tí ń fi kóòdù ṣe bí processor, tí wọ́n yọ láti inú QEMU, láti bẹ̀rẹ̀. Kò yára jù, ṣùgbọ́n N70 gan-an kò ju 220 MHz lọ, ìwé àjọ kò sì ń sáré.

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí áàpù bá yá, ẹ fi ìtọ́ni SVC kan (ìtọ́ni ARM tí a fi ń ké sí ètò ìṣiṣẹ́) sí àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú mẹ́mọ̀rì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ mọ̀. Nígbà tí processor bá kan SVC náà, yóò dúró, ẹ ó wo nọ́ńbà, ẹ ó ka ohun tí áàpù fi ránṣẹ́ nínú register (àpótí kékeré inú processor) r0 títí dé r3, ẹ ó ṣe iṣẹ́ náà ní ẹ̀gbẹ́ tiyín, ẹ ó fi èsì sí r0, ẹ ó sì dá a padà sí àdírẹ́sì tí ó wà nínú r14. Bí bíìtì ìsàlẹ̀ àdírẹ́sì náà bá jẹ́ 1, Thumb ni ẹ ń padà sí. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, processor yóò máa ka Thumb bí ARM, wèrè ni yóò sì máa ṣe.

Ìlànà kan wà tí n kò fi ṣeré: iṣẹ́ tí n kò bá tíì kọ gbọ́dọ̀ dá áàpù dúró, kí ó sì pariwo orúkọ ara rẹ̀. Ó máa ń wu ènìyàn pé kí ó dá òdo padà kí nǹkan lè máa lọ. Ẹ má ṣe é. Irọ́ tí ògbufọ̀ bá pa láàárọ̀, alẹ́ ni yóò dá ìjà sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rántí ẹni tí ó pa á. Bí ẹ bá ń jẹ́ kí áàpù fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó kàn, ẹ ó rí i pé ohun tí ó ń béèrè kò tó nǹkan. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí áàpù bàbá yá, kò tó ìdajì tí ó pè rí.

Ibi tí ó le jù ni èyí: áàpù S60 kì í kàn pe ètò ìṣiṣẹ́, ètò ìṣiṣẹ́ náà ń pè é padà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú .app ni NewApplication. Ẹ pè é, yóò dá ohun kan padà tí ó jẹ́ ọmọ CAknApplication. Ẹ ó ní kí ìyẹn ṣe CreateDocumentL. Ẹ ó ní kí dọ́kúmẹ́ǹtì náà ṣe CreateAppUiL. Ẹ ó wá pe ConstructL lórí AppUi, ibẹ̀ ni áàpù yóò ti ya ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí bàbá bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀yin ni ẹ ó pe OfferKeyEventL. Bí wọ́n bá yan nǹkan nínú mẹ́nù, HandleCommandL. Gbogbo ìpè wọ̀nyí ń gba inú vtable (tábìlì àdírẹ́sì tí C++ fi ń wá iṣẹ́ kíláàsì) kọjá, bí GCC àtijọ́, compiler tí wọ́n fi kọ́ áàpù náà, sì ṣe to vtable kò bá ti òde òní mu.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ààyè tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà? Áàpù náà ni yóò sọ fún yín. Iṣẹ́ tí áàpù kò bá tún kọ nínú kíláàsì tirẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ni yóò máa lò, ti ìyá rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ tí ó yá láti inú DLL, tí ẹ ti fi orúkọ àti SVC sí. Nítorí náà, ẹ tẹ vtable náà jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀: ààyè tí ó bá tọ́ka sí SVC yín ti ní orúkọ, ààyè tí ó bá tọ́ka sínú kóòdù áàpù ni ó ṣẹ́ kù, orúkọ ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú fáìlì SDK yóò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán kan ni mo fi to ti AppUi, lẹ́yìn tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì méfò.

Mẹ́mọ̀rì àti ọ̀rọ̀

Ní Symbian, ohunkóhun tí ó bá jẹ́ ọmọ CBase, kíláàsì ìyá àwọn kíláàsì, òdo ni gbogbo inú rẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a, àwọn tí ń kọ áàpù sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo gbàgbé èyí. Áàpù ṣí, mẹ́nù jáde, mo ti ń yọ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹni tí kò tíì dá kọ́bọ̀ ti ní owó tí ó ju ti gbogbo Ọṣun lọ. Pàǹtírí inú mẹ́mọ̀rì ni ó ń kà bí owó.

Ọ̀rọ̀ kì í parí sí òdo bí ti C. Ohun tí Symbian ń pè ní descriptor ni ó ń lò: nínú bíìtì 32 àkọ́kọ́, 4 òkè ń sọ irú rẹ̀, 28 ìsàlẹ̀ ń sọ gígùn rẹ̀. Mo fi orúkọ Àdùkẹ́ sínú TBuf, irú descriptor kan tí ó gbé ọ̀rọ̀ sínú ara rẹ̀, tí ó lè gba 20, ohun tí mo sì rí nínú mẹ́mọ̀rì ni 0x30000006, lẹ́yìn náà 0x00000014, lẹ́yìn náà báìtì 12 yìí:

C0 00 64 00 F9 00 6B 00 B9 1E 01 03

3 tí ó wà níwájú ń sọ pé TBuf ni; 6 ni gígùn; 0x14 sì ni 20. Lẹ́tà márùn-ún ni ojú ń rí nínú Àdùkẹ́, ṣùgbọ́n ààyè mẹ́fà ni ó gbà, nítorí pé À àti ù ní nọ́ńbà tiwọn lódindi, nígbà tí ẹ́ jẹ́ ẹ tirẹ̀ àti àmì ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí kì í ṣe àpilẹ̀rọ. Lórí bọ́tìnnì N70, bàbá kì í fi àmì sórí orúkọ; lórí Android, bọ́tìnnì Yorùbá wà, ọmọ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí i. Orúkọ gígùn tí ó bá kún fún ẹ́ àti ọ̀ yóò kọjá 20 kíákíá, áàpù yóò sì kú pẹ̀lú USER 11, nọ́ńbà àṣìṣe tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti ju àyè rẹ̀ lọ. Ẹ ka ààyè, kì í ṣe lẹ́tà, níbi tí ẹ ti ń gba ohun tí ènìyàn tẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà tí ó ní ìdá pẹ̀lú. ARM ìgbà yẹn máa ń to ìdajì méjèèjì irú nọ́ńbà alábíìtì 64 bẹ́ẹ̀ ní òdì, ìdajì ńlá níwájú. Bí áàpù bá fi TReal, orúkọ tí Symbian ń pe irú nọ́ńbà yìí, pa owó mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ yí wọn padà kí ẹ tó kà á.

Dídúró, àti jíjá bọ́

Áàpù Symbian kì í dúró jókòó ti iṣẹ́. Yóò ní kí a ṣe nǹkan, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ 0x80000001 sínú TRequestStatus rẹ̀ láti fi hàn pé a ṣì ń ṣe é, òun yóò sì lọ sùn sínú User::WaitForAnyRequest. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ kọ èsì sí ibẹ̀, kí ẹ sì fi àmì kan ṣoṣo jí i. Bí ẹ bá jí i lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ kan, yóò jí, yóò wo yíká, kò ní rí ohun tí a jí i fún, yóò sì kú pẹ̀lú E32USER-CBase 46. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà yẹn, ẹ má wá ibòmíràn lọ.

Leave náà wà, èyí tí ó jẹ́ ọ̀nà tí Symbian 8 fi ń já kúrò nínú àṣìṣe. TRAP ni ó ń gbà á sílẹ̀: nígbà tí áàpù bá wọ TRAP, ẹ tọ́jú gbogbo register, nígbà tí ó bá ṣe User::Leave, ẹ dá wọn padà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà àṣìṣe sí ibi tí ó ń retí rẹ̀. -1 ni a kò rí i, -4 ni mẹ́mọ̀rì ti tán. Ẹ rántí láti tú ohun tí ó wà lórí cleanup stack (àkójọ ohun tí a gbọ́dọ̀ tú bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀) láti ìgbà tí ó ti wọ TRAP náà.

Ọjọ́ méjìlá

Èyí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. TTime ni Symbian fi ń ka àkókò, ó sì ń ka ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 0. Ẹ̀rọ òde òní ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Mo lo kàlẹ́ńdà Gregory láti ṣírò àlàfo àárín wọn, mo rí ìṣẹ́jú-àáyá 62,167,219,200, mo fi í sínú kóòdù, mo dá orúkọ tuntun, mo kọ owó sí i, ọjọ́ tí ó jáde sì pé pérépéré.

Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú káàdì àjọ oníwèé tí oníbàárà wọn kan ṣì ní lọ́wọ́. Ọjọ́ 3 ni káàdì wí. 15 ni síkírínì wí. A wo òmíràn: 9 lórí káàdì, 21 lórí síkírínì. Wọ́n bọ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo ń gbàgbé ni?" Rárá o. Gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni ó fi ọjọ́ 12 síwájú. Ohun tí mo fúnra mi kọ kò ṣì, nítorí pé àṣìṣe kan náà ni mo fi kọ ọ́ tí mo sì fi kà á. Ọ̀kan pa ìkejì rẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé, kí ó tó di ọdún 1600, Symbian ka gbogbo ọdún kẹrin sí ọdún ọlọ́jọ́ 366. Kàlẹ́ńdà Gregory tí mo lò kò ka ọdún 100, 200, 300, 500, 600, 700, 900, 1000, 1100, 1300, 1400 àti 1500 mọ́ wọn. Ọdún 12 nìyẹn, ọjọ́ 12 sì ni. Àlàfo tí ó tọ́ ni 62,168,256,000. Fún alájọ, tí owó ọjọ́ kan lóṣù jẹ́ tirẹ̀, tí ọjọ́ tí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí, ọjọ́ 12 kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ má fi ohun tí ẹ kọ fúnra yín dán ìpele yín wò. Ohun tí fóònù gidi kọ ni kí ẹ máa fi dán an wò.

Fáìlì àti ojú fóònù

Díráífù C, D, E àti Z ni Symbian ní. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, kí ẹ yí \ padà sí /, kí ẹ sì rántí pé Symbian kò mọ lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré nínú orúkọ fáìlì, ṣùgbọ́n Linux àti Android mọ̀ ọ́n. Síkírínì N70 jẹ́ 176 sí 208. Ẹ ya àwòrán náà ní ìwọ̀n yẹn gan-an, kí ẹ tó fi odidi nọ́ńbà sọ ọ́ di púpọ̀, bí 4 tàbí 5, kí lẹ́tà má bàa rí wúruwùru. Fọ́ǹtì tí ẹ bá lò, òun náà ni kí ẹ fi dáhùn nígbà tí áàpù bá béèrè fífẹ̀ ọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì méjì tí ó wà lábẹ́ síkírínì ni kí ẹ yà sórí Android kí ẹ tó ya nọ́ńbà. Áàpù bàbá kò ṣe é jáde nínú rẹ̀ láìsí bọ́tìnnì ọ̀tún.

Kí ẹ tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ ra bátìrì mìíràn sí fóònù àtijọ́ náà kí ó lè tàn, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì kan náà lórí méjèèjì láti orúkọ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. A ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, èmi lórí láptọ́ọ̀pù, bàbá lórí N70 wọn, wọ́n ń pe orúkọ, mo ń dáhùn iye. Nígbà tí a dé orúkọ ìkẹyìn, wọ́n tú rọ́bà tí ó wà lára fóònù náà, wọ́n sì fi di owó ọjọ́ náà.